Ọdẹ tó bá pàdé ajáko nínú igbó, ó yẹ kó dúpẹ́

Bí ẹ bá wà lára àwọn tó máa ń fi òru wo fídíò lórí fóònù, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú èyí rí: ọkùnrin kan gun orí igi ní Amẹ́ríkà, ó wọ aṣọ tó jọ ewé, ó gbé ọrun àti ọfà dání, ó ń retí àgbọ̀nrín. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Igbó dákẹ́ rọ́rọ́. Lójijì, nǹkan kan yọ lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbọ̀nrín. Ẹranko tó jọ ajá ni, etí rẹ̀ dúró ṣonṣo, ó ń fimú fínlẹ̀ kiri. Coyote ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ náà á wá rọra bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé kí n ta á lọ́fà ni, àbí kí n jẹ́ kó máa lọ?

Ìjà ni ìbéèrè yẹn máa ń dá sílẹ̀ láàárín àwọn ọdẹ ibẹ̀. Àwọn kan á ní kó pa á jàre, ṣebí ọmọ àgbọ̀nrín ló ń jẹ. Àwọn mìíràn á ní kó fi í sílẹ̀, òun náà ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni. Àwa tí à ń wò ó láti Èkó, ẹ̀rín la máa ń rín. A ó ní àwọn òyìnbó ò níṣẹ́ ṣe.

Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Èrò tèmi ni pé ẹni tí igbó rẹ̀ ṣì kún ló lè bi ara rẹ̀ nírú ìbéèrè yẹn. Ní etíkun Àgbádárìgì, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Badagry, ọdẹ ò bi ara rẹ̀ léèrè mọ́ bóyá kóun pa ajáko tàbí kóun fi í sílẹ̀, torí ó lè dẹ igbó títí ilẹ̀ fi mọ́ kó má rí àgbọ̀nrín, kó má sì rí ajáko. Bí ohun kan bá máa bà wá lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí, igbó tó ṣófo ni, kì í ṣe ẹranko tó ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Coyote ò fi bẹ́ẹ̀ ju ajá ilé wa lọ. Láàárín kílò 9 sí 20 ni ìwọ̀n rẹ̀ máa ń wà. Pápá gbalasa àti aṣálẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìkookò ni ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà, òun ló ń lé e, òun ló ń pa á. Àwọn àgbẹ̀ àti ìjọba wá gbógun ti ìkookò torí ó ń pa màlúù àti àgùntàn wọn. Wọ́n fi ìbọn, pàkúté àti májèlé lé e títí ó fi tán ní ibi tó pọ̀ jù. Ní ọgbà ẹranko igbó Yellowstone, ọdún 1926 ni wọ́n pa àwọn tó kẹ́yìn. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àwọn àgbà wa ti sọ ohun tó máa ń tẹ̀lé irú èyí: àìsí ńlé ológbò, ilé di ilé èkúté. Ìkookò lọ, coyote gba ilẹ̀. Lónìí, yàtọ̀ sí Hawaii, kò sí ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí coyote ò sí. Ó ti tàn ká Canada, ó ti sọ̀kalẹ̀ dé Panama. Ó ń rìn lóru láàárín Chicago àti Los Angeles bí ẹni tó ń sanwó ilé níbẹ̀. Láti ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ ti ń so rédíò mọ́ àwọn ti Chicago lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ ìgbẹ́ wọn wò láti mọ ohun tí wọ́n ń jẹ, eku àti àwọn ẹranko kéékèèké bí i ló wọ́pọ̀ jù. Nínú bíi 42 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò ni wọ́n ti rí i.

Ìjọba ibẹ̀ ò ṣàì pa wọ́n o. Lọ́dún 2018 nìkan, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ yìí pa ju 60,000 lọ. Síbẹ̀ wọn ò tán. Bí wọ́n bá pa tọkọtaya tó jẹ́ olórí agbo, agbo á tú ká, àwọn abo kéékèèké tí kò ráyè bímọ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bí, ọmọ tí wọ́n ń bí lẹ́ẹ̀kan náà á sì lè pọ̀ sí i. Lọ́dún 1995, ìjọba dá ìkookò padà sí Yellowstone. Kò pẹ́ rárá tí coyote ibẹ̀ fi dín kù gan-an. Ohun tí ọta ìbọn ò lè ṣe ní gbogbo ọdún yẹn, ọ̀gá rẹ̀ tó padà dé ṣe é láàárín ọdún díẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Maryland, ọmọ Àgbádárìgì bíi tèmi. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọrun dẹ àgbọ̀nrín. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó ní coyote kọjá lábẹ́ igi tí òun jókòó sí, òun kọ́kọ́ rò pé ajá aládùúgbò kan ló sọnù. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ta á?" Ó ní, "Àbúrò, kí ni mo fẹ́ ta á fún? Mo ti wà lórí igi láti aago márùn-ún, òun náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti òru. Mo jẹ́ kó kọjá."

Mo tún bi í bóyá ó máa ń ta lára ẹran tó bá pa, kó fi rí owó díẹ̀. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Tà kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé mi ni? Mo lè jẹ ẹ́, mo lè fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, àmọ́ mi ò lè tà á."

Gbólóhùn yẹn, "mi ò lè tà á", òun ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti pa ẹran ìgbẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń bẹ̀rẹ̀, àgbọ̀nrín onírù funfun tó kù lọ́dọ̀ wọn ò ju nǹkan bí 300,000 sí 500,000 lọ. Ọjà ló pa wọ́n. Ọdẹ ń pa á, ọkọ̀ ojú irin ń kó o lọ sí ìlú ńlá, ará ìlú ń rà á jẹ. Òfin Lacey dé lọ́dún 1900, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó ẹran tí wọ́n pa lọ́nà àìtọ́ láti ìpínlẹ̀ kan lọ tà ní òmíràn. Àwọn ìpínlẹ̀ fúnra wọn fòfin de títa ẹran àgbọ̀nrín ìgbẹ́, wọ́n sì ya oṣù ọdẹ sọ́tọ̀ kúrò lára oṣù ìsinmi. Lọ́dún 1937, òfin Pittman-Robertson gbé owó orí lórí ìbọn àti ọta lọ sínú ìtọ́jú ẹranko igbó. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọrun àti ọfà kún un. Lónìí, àgbọ̀nrín wọn ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 30. Ó ti pọ̀ débi pé ó ń jẹ òdòdó níwájú ilé onílé, ọkọ̀ sì ń kọlù ú lójú títì.

Ẹ má gbọ́ ọ bíi pé mò ń sọ pé òyìnbó gbọ́n jù wá lọ o. Ṣé ìkookò tí wọ́n pa run yẹn, ọgbọ́n ni? Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú wọn rí màbo kí wọ́n tó kọ́gbọ́n. Àwa ṣì lè kọ́ tiwa láì tíì dé ibẹ̀.

Ká má ro ọ̀rọ̀ ọrun àti ọfà yìí bí eré òyìnbó. Ọrun ni ọdẹ wa ń gbé kí ìbọn tó dé. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, ọrun àti ọfà ni àmì rẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí Brazil lónìí, ẹ ó bá a níbẹ̀, Oxóssi ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀, ọba Kétu ni wọ́n sì ń kì í. Kétu yìí ò jìnnà sí wa, òkè etíkun ni, ní ilẹ̀ Benin. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun kó, tí wọ́n tà ní Ouidah, ní Porto-Novo àti ní Àgbádárìgì wa níbí, àwọn ni wọ́n gbé ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì kọjá òkun sínú orí àti ọkàn wọn.

Kí ni àwọn ọkọ̀ ojú omi yẹn gbé wá fún wa ní ìpààrọ̀? Ìbọn wà lára ẹ̀. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wọlé ní àwọn èbúté etíkun yìí. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni ọfà gbà jáde tí ìbọn gbà wọlé. Nígbà tó yá, ṣakabùlà di ohun èlò ọdẹ, iná orí tẹ̀ lé e, tí wọ́n á tàn sí ẹran lójú lóru, tí ẹran á dúró bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi ọfà dẹ ọdẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran tó bíi mítà 20 tàbí 30, kó ní sùúrù, kó mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kó sì gbà pé ọjọ́ tí òun á lọ sílé lọ́wọ́ òfo á pọ̀. Ẹran náà ní àyè láti sá. Ìbọn àti iná orí ò fún un láyè bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ajáko gan-an. Àwa tí a dàgbà sí Èkó máa ń rò pé irú àwọn ẹranko yìí, ilẹ̀ Hausa tàbí Kenya nìkan ni wọ́n ń gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igbó dúdú tó tẹ̀ lé etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ibì kan tó ti já. Láti ìlà oòrùn Ghana, gba Togo, gba Benin, títí wá sí apá ẹnubodè wa, pápá àti ọ̀dàn ló sọ̀kalẹ̀ dé etí òkun. Àwọn onímọ̀ ń pe ibẹ̀ ní Dahomey Gap. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí koríko, igi, oko àti omi dà pọ̀ mọ́ra, ni ajáko fẹ́ràn. Ajáko tiwa yìí kò wúwo bíi coyote, ó ní ilà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ sì máa ń funfun. Akọ àti abo máa ń wà pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Eku, kòkòrò, èso tó já bọ́ àti òkú ẹran ni oúnjẹ rẹ̀, kì í sábà gbójú lé ẹran ńlá. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni igbe rẹ̀: yàtọ̀ sí gbígbó bí ajá, ó máa ń ké bí òwìwí.

Mo bi bàbá ọlọ́dẹ kan léèrè nípa rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ní abúlé kan lókè ọ̀sà lápá Ìkòga. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti rí ajáko rí?"

Wọ́n ní, "Ṣé ti ojú lò ń bèèrè ni, àbí ti etí? Etí mi mọ̀ ọ́n ju ojú mi lọ. Àwọn obìnrin á ní ẹyẹ òru ń ké, àwọn ọmọdé á sá wọlé. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ẹyẹ."

Wọ́n ní ìgbà kan wà tí àwọn ń ṣọ́ ẹtu lábẹ́ igi kan tí èso rẹ̀ ti já sílẹ̀, ajáko ló wá. Ó jẹ èso díẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí àwọn, ó sì yà lọ. Mo ní, "Ẹ ò yìnbọn sí i?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọta kì í ṣe òkúta tí wọ́n ń ṣà nílẹ̀. Ta ló fẹ́ ra ajáko? Bí mo bá sì yìnbọn yẹn, ṣé ẹtu tún máa wá síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tó dùn mí jù. Wọ́n ní, "Nígbà yẹn, mo máa ń yan ẹran. Mo lè rí aboyún ẹran kí n ní kó máa lọ. Báyìí, ohunkóhun tó bá ṣáà ti mira ni. Ọ̀yà, òkété, ọ̀kẹ́rẹ́. Ajáko tí ò ń bèèrè yẹn, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́."

Ọdẹ tí kò lè yan ẹran mọ́, ṣé ọdẹ la ṣì máa pè é ni, àbí ẹni tí ń palẹ̀ ohun tó kù mọ́? Mi ò bú bàbá náà o. Kì í ṣe àwọn ló dá ọjà sílẹ̀. Àwa ni. Àwa tí à ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà tí a bá rí ẹni tó gbé ọ̀yà sókè nírù. Àwa tí à ń lọ sí búkà ọjọ́ Sátidé, tí a ó ní ká fi ẹran ìgbẹ́ sí iyán, ká yàwòrán rẹ̀, ká gbé e sórí Instagram. Kì í ṣe ebi ló ń pa wá. Fáàrí ni. Owó tí ará ìlú ń san fún fáàrí yìí ló ń rán ọdẹ padà sínú igbó tí kò ní nǹkan mọ́.

Ibi tí ẹran ń gbé pàápàá ń tán. Ìlú ń bọ̀ wá bá Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ti ń na Marina sí Mile 2, apá ọ̀dọ̀ wa ló sì kọjú sí. Ọ̀rọ̀ èbúté omi jíjìn ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn onílẹ̀ ń ta ilẹ̀, wọ́n ń kó yanrìn dí àbàtà, ẹ́síteèti ń yọ níbi tí àgbọn àti koríko wà. Mi ò lòdì sí ìdàgbàsókè, torí ọmọ wa náà fẹ́ iṣẹ́, ìyá wa fẹ́ títì tó dára. Àmọ́ bí a bá dí gbogbo àbàtà, omi òjò á wá ilé wa lọ, bó ṣe ń wá ilé àwọn ará Lekki lọ.

Ṣé ibi tí ajáko kúrò wá ṣófo ni? Rárá. Ilé kì í ṣófo pẹ́. Ní Amẹ́ríkà, coyote ló gba ipò ìkookò. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ lọ sí etíkun láàárọ̀ kùtùkùtù kí ẹ wo ẹni tó gba ipò ajáko. Ajá ìgboro ni, àwọn tí kò ní olówó, tí wọ́n ń jẹ ààtàn, tí wọ́n ń rìn ní mẹ́rin mẹ́fà. Eku sì ń pọ̀ sí i nínú oko àti nínú ilé. Wọ́n ní ẹ̀rù ajáko ń bà wọ́n. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ka òkú. Ní gbogbo Amẹ́ríkà àti Canada, ènìyàn 2 péré ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé coyote pa, ọ̀kan lọ́dún 1981, èkejì lọ́dún 2009. Dìgbòlugi ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní ó ń pa tó 59,000 ènìyàn lọ́dún káàkiri ayé, Áfíríkà àti Asia ló sì ti ń ṣe é jù. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá kó o, bíi 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Ajá ilé tí a ò fún lábẹ́rẹ́ àjẹsára ló yẹ ká máa bẹ̀rù. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de àgbo.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn á sọ. Á ní, "Ìwọ tó o jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ṣé o fẹ́ kí ọdẹ máa jẹ yanrìn ni?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà inú igbó, tó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Iṣẹ́ líle ni. Àmọ́ ẹran tó kẹ́yìn kò lè wo ìṣẹ́ ọdẹ sàn. Tí ọ̀yà tó kẹ́yìn bá tán lónìí, ebi á ṣì pa ọmọ ọdẹ lọ́la. Ìyàtọ̀ ni pé kò ní sí igbó tó lè padà sí mọ́.

Ẹlòmíràn á ní ajáko á gbé adìẹ òun. Ó lè gbé e lóòótọ́. Ẹ kan ilé adìẹ dáadáa, ẹ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́. Kí ẹ sì rántí pé ẹni tó gbé adìẹ kan yẹn ti jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ eku tí ì bá jẹ àgbàdo àti gbágùúdá yín.

Kí wá ni ká ṣe? Mo ní ohun mẹ́rin lọ́kàn.

Àkọ́kọ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ya igbó kan sọ́tọ̀ ní apá Àgbádárìgì, kí ó tó pẹ́ jù. Láti ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation ti ní ibi tiwọn ní Lekki. Hẹ́kítà 78 péré ni, ilé ti yí i ká, síbẹ̀ ọ̀bọ àti ọ̀nì ṣì ń gbé inú rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń sanwó láti wá wò wọ́n. Bí Lekki tí ilẹ̀ rẹ̀ wọ́n bí ojú bá lè ní igbó, kí ló dé tí àwa tí àbàtà àti ọ̀dàn ṣì kù lọ́wọ́ wa ò lè ní? Àwọn àlejò tó ń wá wo ọ̀nà tí wọ́n gbé kó ẹrú kọjá ní Gberefu á dúró sùn mọ́jú bí wọ́n bá mọ̀ pé igbó kan wà tí àwọn lè rìn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Èkejì, kí wọ́n sanwó fún ọdẹ láti ṣọ́ igbó yẹn. Ta ló mọ igbó jù wọ́n lọ? Nígbà tí ààbò dojú rú, ṣebí ọdẹ ni àwọn gómìnà Yorùbá ké sí? Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ní Ìbàdàn, wọ́n ṣí Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, orúkọ ẹranko ni wọ́n sì fi sọ ẹ̀ṣọ́ náà. Ẹ wo bó ṣe jẹ́: orúkọ ẹranko yẹn wà lára aṣọ àti ọkọ̀, ọmọ wa tó rí i rí nínú igbó ò sí. Kí àwọn tó lè ṣọ́ ènìyàn ṣọ́ ẹran náà, kí wọ́n máa gba owó oṣù lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, òfin. Òfin ẹranko tó wà nínú ewu tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1985, owó ìtanràn inú rẹ̀ kò ju ₦1,000 lọ títí di ọdún 2016 tí wọ́n gbé e lọ sí ₦5 mílíọ̀nù. Ó dára, àmọ́ òwò ẹranko láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ni òfin yẹn kọjú sí jù. Ọdẹ Ìkòga nílò ohun tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀: oṣù tí wọ́n lè dẹ ọdẹ, oṣù tí ẹran ń bímọ tí wọ́n á sinmi, iye tí ẹnì kan lè pa. Kí ó jẹ́ pé ọba àti ẹgbẹ́ ọdẹ ló máa jókòó ṣe é pẹ̀lú ìjọba, kó má jẹ́ pé láti ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n á ti kọ ọ́ wá.

Ẹ̀kẹrin ni tiwa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí nínú ọkọ̀ tàbí lábẹ́ fáànù. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú ríra ẹran ìgbẹ́ nígboro. Ẹ jẹ́ kí ọdẹ àti ará ilé rẹ̀ jẹ ìwọ̀nba tí wọ́n bá pa. Ọ̀yà tí wọ́n ń sìn nínú ilé wà, ẹ ra ìyẹn bó bá ń wù yín. Kò ná wa ní nǹkan kan ju pé ká jẹ ewúrẹ́ níbi tí a ti fẹ́ jẹ ẹtu. Ẹni tó bá sì ní ajá, kó fún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kó má tú u sílẹ̀ sí etíkun.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Fèrè yìí ti ń dún fún wa tipẹ́. Ó dún nígbà tí ẹkùn tán, ó dún nígbà tí ẹtu ṣọ̀wọ́n, ó ń dún nísinsìnyí tí àwọn arúgbó ń sọ pé àwọn ò gbúròó ajáko mọ́. Ọdẹ tó bá wọ igbó Àgbádárìgì lọ́la, tó gbọ́ ohun kan tó ké bí òwìwí tó sì mọ̀ pé kì í ṣe òwìwí, kó jọ̀ọ́, kó sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Bí oúnjẹ bá ṣì wà nínú igbó tó tó ajáko jẹ, ó ṣeé ṣe kí tọmọ ènìyàn náà ṣì kù níbẹ̀.